Ẹ̀wù Irin Olójúkan

Ọta ṣakabùlà kejì bà á ní èjìká. Tẹ́míkótàn ṣubú lé orúnkún rẹ̀, àwọn ará Etí-Ibú sì hó yèè.

"Ẹ kà á fún un!" ẹnì kan kígbe láàárín wọn. "Mẹ́fà nìyẹn! Ṣé ó dùn?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti pákó, ó dìde. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Eré ẹ̀rọ ni, kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un ló ń gbé ìrora wá, bí ọta bá sì ṣe lágbára tó ni ìrora rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ọta ṣakabùlà ń mú mẹ́fà kúrò nínú ẹ̀mí ẹni tó bá bà. Ọta àgbá ń mú ọgọ́ta. Wọ́n ti yin àgbá lù ú ná, etí rẹ̀ ọ̀tún ṣì ń hó.

"Ó ku Olójúkan," ni arúgbó tó jókòó ti pátákó ìwọ̀n wí. Orímisàn lorúkọ rẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí Etí-Ibú. "Àbí ó ti sú ọ? Bó bá ti sú ọ, sọ. A ó ròyìn kiri pé adíwọ̀n Orí-Ọ̀pọ́ kò lè jẹ ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè."

"Jẹ́ kó jáde."

Bàbá náà tó bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sọ pé "ẹ jẹ́." Gbogbo èèyàn gbọ́. Kò sí ẹni tó bá a wí.

Olójúkan jáde láti ojú ògiri tí eré ti ń hàn. Ọ̀gá àwọn ajalèlókun inú eré ni. Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ẹ̀wù irin bò ó dé orúnkún, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo pọ́n bí ẹyin iná. Kò sí ọmọdé kan lórí omi tí kò mọ ìrìn rẹ̀. Ó gbé àdá sókè. Tẹ́míkótàn kò yẹra. Adíwọ̀n kì í yẹra. Àdá náà gbà á láti ọrùn dé ìgbáròkó, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Nígbà tó ríran padà, ó ti nà gbalaja sílẹ̀. Kò sí ẹni tó nawọ́ sí i. Ó dá dìde.

"Adíwọ̀n ti tọ́ ọ wò," ni Ẹ̀rọ Adájọ́ wí láti òkè pèpéle. Ohùn rẹ̀ kì í bínú, kì í sì í yọ̀. "Etí-Ibú, ẹ yan ọkọ̀ yín."

Bí Òfin Omi ṣe wí nìyẹn. Ìlú kan á díwọ̀n, ìkejì á yàn. Tẹ́míkótàn ti to ọkọ̀ méjì sílẹ̀. Ọ̀kan gbé àgbá méjì, tó lágbára ṣùgbọ́n tó ń pẹ́ kí wọ́n tó kì í tán. Èkejì kó ṣakabùlà fún atukọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń yìn wàrà wàrà. Ìlú kọ̀ọ̀kan á dojú kọ Olójúkan tirẹ̀. Ẹ̀mí kan náà ni wọ́n ní, ẹ̀wù irin kan náà ni wọ́n wọ̀. Ìlú tí Olójúkan tirẹ̀ bá kọ́kọ́ kú ló ni Ẹnu-Odò. Bí adíwọ̀n bá to ọkọ̀ kan dára ju èkejì lọ, ọ̀tá ni yóò mú un. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbìyànjú kó dọ́gba.

"Ṣakabùlà," ni Ìbídùn wí.

Òun ni ọ̀gá ọkọ̀ Etí-Ibú, ọmọbìnrin gbọọrọ tó gé irun mọ́lẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn wo àwọn èèyàn rẹ̀. Kò ronú rárá. Bó ṣe yá a lẹ́nu tó yẹn kọ Tẹ́míkótàn lóminú.

"Olúwáḿbẹ!" Ìbídùn ké sí ọ̀gá ọkọ̀ Orí-Ọ̀pọ́, àbúrò Tẹ́míkótàn. "Ṣé ẹ ti ń tú okùn ilé? Ẹ má gbàgbé ìkòkò o. Wọn kì í yáni ní ìkòkò níta."

"Lọ di okùn tìẹ kó le. Ọdún míì lẹ máa lò níta ọ̀hún."

"Àwa ti mọ ìta. Ẹ̀yin ńkọ́? Èébì ni yóò pa yín kí òkun tó débẹ̀."

Àwọn ará Etí-Ibú rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ní apá Orí-Ọ̀pọ́, kò sí ẹni tó mira. Láti orí pèpéle tó léfòó lójú omi, gbogbo wọn ń rí ilé wọn lókèèrè: ilé pákó lórí òpó, nínú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, omi tó ṣeé mu. Ẹnu-Odò nìkan ló kù báyìí tí òpó lè dúró sí. Ibi tó kù, òkun ti gbà á. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á tú ilé kúrò lórí òpó, wọ́n á fi wọ́n léfòó lọ sí ìta, níbi tí ìgbì ti ga ju òrùlé lọ. Etí-Ibú á sì wọlé. Òjò tó kọjá, òkun gbé mọ́kànlá nínú ọkọ̀ tí àwọn ará Etí-Ibú fi ń ṣe ilé. Wọn kò rí ẹnikẹ́ni sin.

Wọ́n da aṣọ funfun bo pátákó ìwọ̀n, àmì pé ìwọ̀n ti parí. Tẹ́míkótàn jókòó, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ. Bí ọwọ́ adíwọ̀n kò bá sí lórí pátákó, ẹ̀rọ á sùn, ògiri á sì ṣókùnkùn. Kókó mẹ́ta wà lábẹ́ ìka rẹ̀: èyí tó ń yí agbára ìbọn, èyí tó ń yí ẹ̀mí Olójúkan, èyí tó ń yí ẹ̀wù irin. Wọn kì í tì wọ́n pa. Láti ìgbà tí ọ̀tá bá ti yàn, adíwọ̀n kò gbọ́dọ̀ yí wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló dè wọ́n, àti ojú ẹlẹ́rìí. Orímisàn fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ iwájú, ó tẹjú mọ́ aṣọ náà.

Wọ́n ń dúró de ìgbà tí omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìgbà yẹn ni fèrè máa ń dún.

Àwọn ajagun Etí-Ibú jókòó, wọ́n ń jẹun. Ọbẹ̀ ata gbígbóná ni, nínú àwo pẹrẹsẹ tó kún dé etí. Ìgbì ńlá kan gba abẹ́ pèpéle kọjá. Pèpéle yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì. Àwọn ará Orí-Ọ̀pọ́ di okùn mú. Akínfọlárìn olóyè wọn pàápàá, bó ṣe sanra tó, gbá òpó mọ́ra. Ìbídùn dìde pẹ̀lú àwo rẹ̀, ó rìn lọ bu omi, ó padà. Àwo ọbẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan. Ọbẹ̀ náà kò dà.

Tẹ́míkótàn wo àwo. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà. Àṣìṣe rẹ̀ wá yé e.

Àwọn ọmọ Orí-Ọ̀pọ́ ló bá a dán àwọn ìbọn wò. Ilé tí kì í mì ni wọ́n bí wọn sí. Nínú eré, ọkọ̀ ajalèlókun ń mì tìtì. Àgbá kò ka ìyẹn sí; ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọta rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló ń gbé ṣakabùlà, ẹsẹ̀ èèyàn ló sì ń gbé ọwọ́. Àwọn ọmọ náà ń tàsé. Nínú ọta mẹ́ta, ọ̀kan á lọ sínú òkun. Ó rò pé ìbọn náà ni kò lágbára tó. Ó gbé agbára rẹ̀ sókè láti márùn-ún sí mẹ́fà, títí ọkọ̀ méjèèjì fi dọ́gba. Ó yọ̀ nígbà náà.

Àwọn ará Etí-Ibú kò ní tàsé. Inú ọkọ̀ ni ìyá wọn ti bí wọn, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìrìn.

Olóyè Akínfọlárìn ti fi òpó sílẹ̀. Òun náà ti rí àwo ọbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ létí òsì Tẹ́míkótàn.

"Àwọn ọmọ wa lo fi dán ṣakabùlà wò?"

"Àwọn ni, bàbá."

"Wọ́n ń tàsé?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olóyè mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀wù irin ńkọ́? Mélòó ló wà?"

"Méjì."

"Sọ ọ́ di mẹ́ta."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀wù irin ń já méjì kúrò lára ọta kọ̀ọ̀kan kí ó tó kan ẹran ara Olójúkan. Méjì nínú ọgọ́ta ọta àgbá, kò tó nǹkan. Méjì nínú mẹ́fà ọta ṣakabùlà, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Bó bá di mẹ́ta, ìdajì agbára ṣakabùlà lọ. Ọta tí Etí-Ibú kò ní tàsé, ẹ̀wù irin á gbé e mì.

"Wọ́n ti yàn, bàbá."

"Mo wà níbí nígbà tí wọ́n yàn. Mo ní kó o sọ ọ́ di mẹ́ta. Ṣé jìbìtì ni? Ìwọ fúnra rẹ, sọ fún mi. Ní mẹ́ta, ṣé kò ní dọ́gba?"

"Yóò dọ́gba."

"Ní méjì ńkọ́?"

"Ní méjì, tiwọn ni."

"Ó dára. Àtúnṣe àṣìṣe lò ń ṣe. Ìka kan ṣoṣo." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ sí i. "Ìyá rẹ ló wà nínú ilé ìkẹyìn ọ̀hún. Kò lè dìde lórí ẹní. Tí ìgbì bá wọlé bá a, ta ló máa gbé e? Ìwọ, àbí ìwọ̀n rẹ?"

Ó dúró tì í. Kò kúrò.

"Kí ni olóyè yín ń sọ sí ọ létí?" Orímisàn bi í. "Ó ń kì ọ́ ni?"

"Kò kàn ọ́."

"Aṣọ yẹn mì."

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Kò sí afẹ́fẹ́." Arúgbó náà fi ahọ́n wá ohun tó há sí i léyín, ó tu ú dànù. "Ẹ̀yin ará Orí-Ọ̀pọ́ àti afẹ́fẹ́. Ọkọ rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ló gbé òun wọ omi wa."

"Má fi ẹnu rẹ kan ọkọ mi."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an n ò mọ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti yìnbọn lù ú. Ọwọ́ mi kọ́." Ó gbọn orí. "Ìbọn mi há."

Tẹ́míkótàn wò ó. Ìka rẹ̀ ti wà lórí kókó kẹta. Kókó náà gbóná díẹ̀. Ó mọ ibi tí méjì wà, ó mọ ibi tí mẹ́ta wà. Àárín wọn kò ju ìbú èékánná lọ. Kì í ṣe nítorí ìyá rẹ̀ nìkan ló fi fẹ́ yí i. Ó fẹ́ rí i kí Ìbídùn máa yìn, kí ó máa yìn, kí Olójúkan má wó. Ó fẹ́ kí arúgbó yìí rí i. Ó fẹ́ ẹ débi pé itọ́ ń kún ẹnu rẹ̀.

Ọta tó pa ọkọ rẹ̀ kò ju ẹ̀kúrọ́ lọ. Kò sí ẹ̀wù tó já méjì kúrò lára rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, òpó ààlà ni wọ́n fi ń pín omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Etí-Ibú ní ẹnì kan ti ṣí òpó nípò. Orí-Ọ̀pọ́ ní ibi tó yẹ kó wà ló wà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣí i. Ó lè jẹ́ pé ìṣàn omi ló tì í. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n ṣí i sí ló tọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí di òní, nítorí pé kò sí ẹni tó rí ọwọ́ tó ṣe é. Wọ́n jà títí àgbàlagbà fi di ọ̀wọ́n lórí omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo ìbọn jọ, wọ́n yọ́ wọn, wọ́n fi rọ ìdákọ̀ró tó di pèpéle yìí mú. Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, nínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a kò lè tún rọ padà.

"Omi ti fẹ́ fà," Akínfọlárìn wí. "Tẹ́míkótàn. Kí lò ń dúró dè?"

Kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi eyín di etí aṣọ funfun náà mú, ó fà á. Aṣọ náà ká kúrò lórí pátákó, ó já sílẹ̀.

Gbogbo èèyàn yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà níta gbangba, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó wà lókè ń rí i, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń rí i. Kókó kẹta dúró lórí méjì.

"Wò ó dáadáa," ó wí fún Orímisàn.

Arúgbó náà wò ó. Ó wo kókó, ó wo ojú obìnrin náà, ó wo olóyè tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí òógùn bò.

"O ti mọ̀," Orímisàn wí. "O ti mọ̀ pé a kò ní tàsé."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọbẹ̀."

"Òmùgọ̀ obìnrin," ni Orímisàn wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Akínfọlárìn kò pariwo. Ojú ń wò ó. Ó wulẹ̀ tẹ orí rẹ̀ bá etí òsì rẹ̀ tí kò hó, kí ó lè dá a lójú pé yóò gbọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "O pa wá." Ó sì lọ.

Fèrè dún. Àwọn ajagun ìlú méjèèjì, tí wọ́n ti wọ ẹ̀wù ìrora, bọ́ sínú eré.

Lójú ògiri Etí-Ibú, ọkọ̀ ń mì bí ìkòkò tó ń hó. Wọ́n dúró sórí rẹ̀ bí ẹni dúró nínú yàrá ara wọn. Orúnkún wọn ń tẹ̀ lé ìgbì. Ṣakabùlà ń dún láìdáwọ́ dúró. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Ẹ̀mí Olójúkan ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Ọta kan kò lọ sínú òkun. Ìbídùn ń bú Olójúkan bó ṣe ń yìn ín. Ó ń bú ìyá rẹ̀, ó ń bú ẹni tó gé aṣọ fún un.

Lójú ògiri kejì, àgbá dún. Èéfín bo ọkọ̀. Wọ́n ní láti nu inú rẹ̀, kí wọ́n kó ẹ̀tù sí i, kí wọ́n gbé ọta. Olójúkan sún mọ́ wọn, ó fi àdá gbá ẹnì kan ṣubú. Wọ́n ti wà lẹ́yìn. Tẹ́míkótàn kò nílò láti ka nǹkan kan. Ó ti mọ iye tí yóò jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn Olúwáḿbẹ.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ẹ to ìlà! Ẹ ṣe é bí ẹní ń kó ẹja wọlé!"

Àwọn ajagun Orí-Ọ̀pọ́ to ara wọn láti ibi tí ọta wà dé ẹnu àgbá. Bí wọ́n ṣe ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja láti inú ọkọ̀ gun àkàsọ̀ ilé orí òpó, látọwọ́ dé ọwọ́, láìsí ẹni tó ń ṣí ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọta. Ẹni tó ṣubú ń gbé e láti orí ìjókòó. Ọkọ̀ ń mì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rìn, kò sì sí ẹni tó lè fẹsẹ̀ kọ. Àgbá kìíní dún. Kí èéfín rẹ̀ tó tú, èkejì dún. Tẹ́míkótàn kò rí irú èyí rí nígbà tó ń dán wọn wò. Èèyàn méjì péré ló fi sídìí àgbá kọ̀ọ̀kan nígbà náà.

Ó dìde lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí pátákó.

"Ẹ yára!" àwọn ará Orí-Ọ̀pọ́ ń ké. "Ẹ yára!" Àwọn ará Etí-Ibú náà ń ké. Wọn kò bú ara wọn mọ́. Kò sí àyè. Ẹ̀mí Olójúkan méjèèjì ti wá sí ibì kan náà. Nǹkan bí igba. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Àgbá kìíní dún, Olójúkan ti Orí-Ọ̀pọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti kó ẹ̀tù sínú èkejì. Ọta ti wọnú rẹ̀. Olúwáḿbẹ mú iná, ó nà án sí ihò àgbá.

Lójú ògiri tó kù, Olójúkan kúnlẹ̀, ó dojú délẹ̀.

"Etí-Ibú," ni Ẹ̀rọ Adájọ́ wí.

Ògiri méjèèjì dúró gbagidi.

Ariwo tí Etí-Ibú pa, wọ́n gbọ́ ọ dé ìta. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sáré bọ́ sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ sí Ẹnu-Odò kí omi tó fà tán. Ìbídùn gba ẹ̀gbẹ́ Tẹ́míkótàn kọjá, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Orímisàn ló sọ̀rọ̀. "Mú ìyá rẹ dùbúlẹ̀ sí àárín ilé," ó wí, "kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni omi ń gbà wọlé." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ará Orí-Ọ̀pọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì. Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Olúwáḿbẹ bọ́ ẹ̀wù ìrora, ó jù ú sílẹ̀, ó dúró níwájú Tẹ́míkótàn.

"Ọta wà nínú àgbá," ó wí.

"Mo rí i."

Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó yíjú, ó bá àwọn yòókù lọ. Láìpẹ́, ìró òòlù bẹ̀rẹ̀ lórí omi, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé kúrò lórí òpó.

Tẹ́míkótàn kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí pátákó, nítorí náà ògiri kò tíì sùn. Olójúkan ti Orí-Ọ̀pọ́ ṣì wà lórí ìdúró, kò sí àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀mí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ jẹ́ ogójì, kò tó ọta àgbá kan.